Idẹ líle ń pa tuùlù mi lórí léètì kékeré, ẹ̀yin tọ́nà ẹ gbà mí o

Tọ́nà_Ẹ̀gbá
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Léètì kékeré ti orí tábìlì ni mo ní (ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀pá irin ká kí tuùlù lè gé e), 7x14 íǹṣì yẹn, mọ́tò ẹ̀ 550 wáàtì. Irin lásán àti aluminiọ́mù ni mo ti ń gé lórí ẹ̀, kò sì fún mi ní wàhálà kankan. Oníbàárà kan wá gbé búùṣì méjì (òrùka idẹ tí píìnì ń yí nínú ẹ̀) fún mi láti ṣe, ti péèlódà kékeré kan tí wọ́n fi ń kó òkúta níbí l'Abẹ́òkúta. Ìta ẹ̀ 40 mìlì, inú 30, gígùn 45. Mo bá lọ ra ọ̀pá idẹ 45 mìlì l'Ówódé Onírin, ẹni tó tà á ní idẹ gidi ni, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì bèèrè. Ẹ wá wò ó, tuùlù kọ́báìdì (ọ̀bẹ léètì tí ẹnu ẹ̀ le gan-an) tí mo fi ń gé irin, bó ṣe kan idẹ yẹn báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ojú ibi tó kàn ń dán bíi dígí àmọ́ kò wọlé, mò ń tì í ó ń yọ̀. Mo ní kí n kúkú gbá àárín ẹ̀ ná, mo fi dírìlì 20 sí i, dírìlì yẹn wọlé bí ìka ọwọ́ kan ó sì há pátápátá, ọ̀pá yí nínú ṣọ́ọ̀kì (ẹnu léètì tó ń di ọ̀pá mú), ọkàn mi fò lọ. 900 RPM (iye ìgbà tó ń yí níṣẹ́jú kan) ni mo ń lò. Tuùlù kejì ti kú báyìí o, owó iṣẹ́ ò sì tíì tó owó tuùlù. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Bàbá_Léètì
Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Kó o tó ra tuùlù kẹta, irú idẹ wo ni? Ibi tí èdè wa ti ń dà wá láàmú nìyẹn, èyí tó ní síǹkì, idẹ, èyí tó ní tíìnì, idẹ, èyí tó ní aluminiọ́mù, idẹ náà ni lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Gé díẹ̀ kó o wo èérún ẹ̀. Bó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gàrí tó ń dà sílẹ̀, òjé wà nínú ẹ̀, ìyẹn ò lè yọ ẹ́ lẹ́nu báyìí. Bó bá ń jáde gígùn, tó ń lọ́, tó le, tó sì ń ta ẹni lọ́wọ́, tí fáìlì ń yọ̀ lórí ọ̀pá bíi pé orí irin ló wà, aluminiọ́mù bírọ́ńsì lo rà yẹn. Kò burú fún péèlódà, òun gan-an ló yẹ é, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Ọmọ_Ifẹ̀_gidi
Hahaha bàbá, ṣebí àwọn òyìnbó náà ò mọ̀yàtọ̀. Àwọn orí tí wọ́n wú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, bírọ́ńsì ni wọ́n ń pè wọ́n káàkiri, ìgbà tí wọ́n wá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ bàbà tí wọ́n po mọ́ síǹkì àti òjé, àwọn míì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà lásán. Mi ò mọ̀ nípa léètì o, mo kàn ń kọjá lọ ni.

Ẹ̀gbọ́n_Manchester
Òótọ́ ni bàbá sọ. Èmi náà ní léètì kékeré kan nínú ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ilé níbí, àwọn òyìnbó àgbà tó ń ṣe ẹ́ńjìnì onísítíìmù kéékèèké ló kọ́ mi. Àbúrò, wo ìdí ọ̀pá yẹn bóyá wọ́n lu nọ́ńbà sí i. Tó bá jẹ́ SAE 660, tí wọ́n tún ń pè ní C93200, bàbà 83, tíìnì 7, òjé 7, síǹkì 3 ló wà nínú 100 ẹ̀, idẹ búùṣì gbogboogbò nìyẹn. Tó bá jẹ́ C95400, bàbà 85, aluminiọ́mù 11, irin 4. Tí a bá fún idẹ yẹ́lò tó rọrùn gé jù lọ ní máàkì 100, 660 máa gba 70, 954 máa gba 60, C63000 tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì sí máa gba 30 péré. Torí náà, èèyàn méjì lè máa sọ pé àwọn ń gé idẹ kí ọ̀kan máa kọrin kí èkejì máa sunkún.

Ti àwọ̀, aluminiọ́mù bírọ́ńsì máa ń dà bíi wúrà. Ẹni tó bá ní sẹ́ńtì 10, 20 tàbí 50 ti yúrò lọ́wọ́, irú àwọ̀ yẹn, torí aluminiọ́mù wà nínú àwọn náà.

900 yẹn wá ni kó o gbàgbé. Fún tuùlù high-speed (ti irin líle tí èèyàn lè lọ̀ fúnra ẹ̀, kì í ṣe kọ́báìdì) lórí idẹ líle, mítà 25 níṣẹ́jú kan ti tó. Mú 25, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 318, fi ìbú ọ̀pá pín in: 25 lọ́nà 318 pín sí 45, ó jẹ́ bíi 177. 900 tó o lò yẹn, mítà 127 níṣẹ́jú kan ni, ìyẹn pọ̀ jù fún irú tuùlù bẹ́ẹ̀.

Tọ́nà_Ẹ̀gbá
Kò sí nọ́ńbà kankan lára ẹ̀ ẹ̀gbọ́n, àmọ́ àwọ̀ ẹ̀ dà bíi wúrà lóòótọ́, èérún ẹ̀ sì ń lọ́, ó gé mi lọ́wọ́ gan-an. Mo ti gbà pé aluminiọ́mù bírọ́ńsì ni. Ọ̀rọ̀ 177 yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, tí mo bá ti yí nọ́ọ̀bù wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí tuùlù bá ti kan ọ̀pá báyìí ni mọ́tò ń dúró.

Bàbá_Léètì
Ṣé o ti fi gíà ẹ̀yìn sí L? Wo ẹ̀yìn orí léètì yẹn, ọwọ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ H àti L sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ra irú léètì yẹn kì í fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Pa mọ́tò, fọwọ́ yí ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ kí eyín gíà lè wọra, kó o wá fà á sí L. Mọ́tò á máa sáré dáadáa, ṣọ́ọ̀kì á máa lọ pẹ̀lẹ́, agbára á wà. Tó bá jẹ́ gẹ́ńẹ́ I-pass-my-neighbour lo fi ń gbé e, má fi nǹkan míì sí i nígbà tó o bá ń gé o, torí iná tó bá ń lọ sókè sódò ló ń pa páńẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Kí lẹ ń da ara yín láàmú fún. Nílé wa, idẹ tó bá le, iná la máa ń fi sí i títí á fi pọ́n, a jù ú sómi, ó ti rọ̀ nìyẹn. Àbúrò gbé e lọ bá oníwẹ́dà kó fi gáàsì yan án.

Ẹ̀gbọ́n_Manchester
Rárá o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n! Èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn, òótọ́ ni fún bàbà àti idẹ yẹ́lò, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rọ̀ wọ́n. Àmọ́ aluminiọ́mù bírọ́ńsì tó ní aluminiọ́mù bíi 10 tàbí 11, bí irin ọ̀bẹ ló ṣe ń ṣe, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pọ́n tẹ́ ẹ wá jù ú sómi ńṣe ló máa le sí i. Bí ilé iṣẹ́ ṣe ń mú un le gan-an nìyẹn. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, búùṣì ò ní ṣe é ṣe mọ́ lórí léètì kékeré yẹn.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ha. Mi ò mọ ìyẹn rí o. Ẹ ṣeun, mo ti gbọ́.

Bàbá_Léètì
Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Àbúrò, ohun tó ń ṣe ọ́ ni pé ò ń bẹ̀rù ẹ̀. O rí i pé tuùlù ń ké, o bá ń fi díẹ̀díẹ̀ sí i, ìdá kékeré, ìdá kékeré, tuùlù ò gé, ó kàn ń fi ara ra á. Idẹ yẹn tó o bá ń fi nǹkan ra ojú ẹ̀, ojú ẹ̀ ń le ni, dídán bíi dígí tó o rí yẹn nìyẹn, ìgbà tó o bá máa padà wá, èèpo tó le ju inú lọ lo máa bá, tuùlù á tún yọ̀, wàá tún dín in kù, ibẹ̀ lẹ máa wà títí tuùlù á fi kú.

Bó o ṣe máa ṣe é: mú tuùlù high-speed, èyí tó jẹ́ ọ̀pá onígun mẹ́rin, lọ̀ ọ́ tuntun lórí gíráńdà, kí orí ẹ̀ dà sẹ́yìn díẹ̀, bíi dígíríì 5 sí 10, kí ìdí ẹ̀ náà ṣófo bíi 8. Kì í ṣe tuùlù tó ti gé irin lánàá tó o kàn nù o, irin ti jẹ ojú ẹ̀ bí o ò bá tiẹ̀ rí i. Lẹ́yìn gíráńdà, fi òkúta epo pọ́n ọn títí tó bá kan irun ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ á fá a. Èmi máa ń dán an wò lórí èékánná àtàǹpàkò, tó bá yọ̀ lórí èékánná, kò tíì mú, tó bá dúró tó sì fẹ́ họ ọ́, ó ti tó. Gbé e sí àárín gangan. Mú rúlà irin pẹlẹbẹ, fi há àárín tuùlù àti ọ̀pá, bó bá dúró ṣánṣán, o ti wà ní àárín, bó bá dà síwájú tàbí sẹ́yìn, wá nǹkan fi sábẹ́ ẹ̀ tàbí yọ kúrò. Wá fún un ní ìdajì mìlì lẹ́ẹ̀kan náà, kó gba abẹ́ èèpo líle yẹn wọlé, kó o sì jẹ́ kó máa rìn, má dúró lójú kan. Kó o máa gbọ́ ohùn ẹ̀, bó bá ń gé dáadáa á máa dún bí ẹni ń ya aṣọ.

Ìyá_Ìbejì_Fábríkéṣọ̀n
Bàbá, ẹ ò tíì sọ ti gíbù (irin pẹlẹbẹ tí à ń fún mọ́ kí apá léètì tó ń rìn má mì). Lórí àwọn léètì kékeré yìí, bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, gbogbo nǹkan ló ń mì. Ẹ di tuùlù póòsìtì (ibi tí à ń de tuùlù mọ́) mú, ẹ fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, tó bá ń ró kọ̀, kò lè gé idẹ líle láéláé. Èmi yọ apá òkè tó ń yí (èyí tí wọ́n fi ń gé igun) dànù pátápátá, mo fi búlọ́ọ̀kù irin kan tí mo gbẹ́ fúnra mi rọ́pò ẹ̀, mo di í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bóòtù mẹ́rin. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé léètì mi lágbára. Tí mo bá ń gé ojú ọ̀pá mo máa ń ti kárééjì (apá tó ń gbé tuùlù rìn) pa. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí tuùlù kúrú lẹ́nu póòsìtì, èmi rí ẹni tó na tuùlù jáde bí ìka mẹ́ta, tó wá ń bèèrè ìdí tó fi ń gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n_Manchester
Mo gbà, ìyá wa. Bàbá nìkan ni mo fẹ́ bá jiyàn díẹ̀, kọ́báìdì ò burú, irú ẹ̀ ló wà. Èyí tí àbúrò ń lò ní láti jẹ́ CCMT, inú mọ́ọ̀dì ni wọ́n ti ṣe é jáde, ojú ẹ̀ kúnjú díẹ̀ torí kó lè dúró fún irin. Kó wá CCGT, èyí tí wọ́n ṣe fún aluminiọ́mù, tó ń dán bíi fàdákà, wọ́n lọ ojú ìyẹn ni, ó mú bíi bíléèdì. Imú ẹ̀ (ibi tí orí ẹ̀ ti rí roboto) kó jẹ́ 0.2 tàbí 0.4 mìlì, imú ńlá á jẹ́ kó máa gbọ̀n. Pẹ̀lú ìyẹn ó lè sáré ju 177 lọ, kódà 400 kò pọ̀ jù.

Bàbá_Léètì
Mi ò ní kọ́báìdì burú. Mo ní àbúrò ò ní owó tuùlù mọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán. Ọ̀pá high-speed kan, èèyàn lè lọ̀ ọ́ fún ọdún méjì.

Ẹ̀gbọ́n_Manchester
😂 Ẹ pa mí bàbá. Ó dáa, mo dọ̀bálẹ̀.

Tọ́nà_Ẹ̀gbá
Ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ bèèrè ti dírìlì, torí ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ìyá_Ìbejì_Fábríkéṣọ̀n
Ohun méjì ló ń há dírìlì. Àkọ́kọ́, ojú ẹ̀ tó bá dà sẹ́yìn jù, ńṣe ló ń gbá idẹ mú tó ń fa ara ẹ̀ wọlé bíi skúrúù, ẹ mú òkúta epo kékeré, ẹ fi pa ojú ibi tó ń gé lórí méjèèjì, kó pẹlẹbẹ díẹ̀, bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ya dírìlì yẹn sọ́tọ̀ fún idẹ. Èkejì ni ooru. Tí idẹ bá gbóná tó sì wá ń tutù, ihò á sún mọ́ dírìlì á sì há a mọ́ra. Ẹ máa fà á jáde léraléra, ẹ kó èérún dànù, ẹ fi kúláàntì funfun bíi wàrà yẹn sí i, kó pọ̀ dáadáa. Kì í ṣe epo dúdú tí wọ́n fi ń gé òwú irin o, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló ní ìmí-ọjọ́, ó ń pa àwọ̀ idẹ dà. 10 lẹ kọ́kọ́ gbá, lẹ́yìn ẹ̀ 20, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ fi bóríìngì bá (ọ̀pá onítuùlù tó ń gé inú ihò) gbé e dé 30. Bóríìngì bá náà, èyí tó bá tóbi jù tó lè wọ ihò yẹn ni kẹ́ ẹ lò. Rímà (èyí tí wọ́n fi ń parí ihò sí ìwọ̀n)? Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ lórí idẹ yìí, tó bá jáde tán ihò á tún sún pọ̀, wàá wọ̀n ọ́n wàá rí i pé ó kéré sí rímà.

Wẹ́dà_Wárì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan kẹ́ ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn sípánà àti hámà aláwọ̀ wúrà tó máa ń ti ibi ilé iṣẹ́ epo jáde, tí kì í ta iná, tí àwọn ọmọ kọ̀ndẹ́mù máa ń tà, òmíràn nínú wọn aluminiọ́mù bírọ́ńsì ni, àmọ́ òmíràn bàbà àti bẹ̀ríílíọ́mù ni, ojú lásán ò sì lè dá wọn mọ̀. Eruku bẹ̀ríílíọ́mù tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde bọ̀rọ̀, àìsàn tó ń fà kò lóògùn tó ń wò ó sàn. Ẹ má gbé irú ẹ̀ sórí gíráńdà, ẹ má fi sáńpépà ra á, ẹ má yọ́ ọ rárá. Ọ̀pá tó bá jẹ́ ọ̀pá láti ilẹ̀ wá, ó dáa díẹ̀. Ẹni tó bá sì ń gé 660 olójé, kó fọ ọwọ́ kó tó jẹun, kó má fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ èérún kiri ṣọ́ọ̀bù, kó má gbé aṣọ iṣẹ́ lọ bá ọmọ nílé.

Tọ́nà_Ẹ̀gbá
Ẹ kú àná o. Ìròyìn rèé. Mo fi gíà sí L, mo lọ̀ tuùlù high-speed, mo pọ́n ọn títí ó fi fá irun ọwọ́ mi (ìyàwó mi ń wò mí bíi wèrè). 175 RPM, ìdajì mìlì. Ẹ̀yin ará, ó gé! Èérún ń jáde bíi ìwo àgbò kéékèèké, aláwọ̀ wúrà. Dírìlì náà ò há. Àmọ́ wàhálà tuntun rèé: inú búùṣì àkọ́kọ́, mo gbé e dé 30.05, mo wọ̀n ọ́n tán inú mi dùn, mo lọ jẹun, ìgbà tí mo padà dé ó ti di 30.02, ẹnu ihò sì fẹ̀ ju ìdí ẹ̀ lọ. Ṣé fáníà mi (irin tí mo fi ń wọ̀n ọ́n) ló ń purọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n_Manchester
Fáníà ò purọ́ o, ooru ni. Idẹ máa ń wú ju irin lọ tó bá gbóná. Ihò 30 tó fi dígíríì 60 gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, á fi bíi 0.03 mìlì tóbi ju bó ṣe yẹ. 0.03 tó o sọ nù yẹn nìyẹn, àsìkò tó o fi ń jẹun ni búùṣì fi tutù. Má wọ̀n ọ́n nígbà tí ọwọ́ ò bá lè gbà á. Bu kúláàntì lé e, dúró, kó o tó wọ̀n.

Bàbá_Léètì
Ti ẹnu tó fẹ̀, bóríìngì bá ló ń tẹ̀. O gé èyí tó pọ̀, ó tẹ̀ púpọ̀, o wá gé kékeré ní ìparí, ó tẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n ò lè bá ara mu. Àwọn míì á ní kó o tún un gbà láìfi nǹkan kún un, lórí irin, ó dáa, lórí idẹ yìí ńṣe lo tún ń fi ara ra á. Bí èmi ṣe ń ṣe é: tó bá ku 0.6 mìlì sí ìwọ̀n tí mo fẹ́, mo máa ń pín in sí mẹ́ta, 0.2, 0.2, 0.2, ìrìn kan náà, RPM kan náà. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ mo wọ̀n, lẹ́yìn ti kejì mo wọ̀n. Bó ṣe tẹ̀ ní kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló máa tẹ̀ ní kẹta, tó bá fi 0.02 yàtọ̀ mo ti mọ ohun tí mo máa fi kún un. Má fi sáńpépà parí inú búùṣì o, yanrìn ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ idẹ, òun ni yóò máa jẹ píìnì péèlódà yẹn.

Kó o sì ṣe inú àti ìta lójú ìdìmú kan náà, má tú u kúrò nínú ṣọ́ọ̀kì, lẹ́yìn ẹ̀ ló kàn kó o gé e kúrò. Inú ẹ̀ ti ṣófo, mìlì 5 péré ni tuùlù ìgékúrò máa gbà kọjá, kò ní yọ ẹ́ lẹ́nu.

Ìyá_Ìbejì_Fábríkéṣọ̀n
Kó o rántí o, tó o bá tẹ̀ ẹ́ wọ inú ilé ẹ̀, inú á tún sún pọ̀ díẹ̀. Tí ìta bá fi 0.04 ju ihò ilé ẹ̀ lọ, jẹ́ kí inú náà ní àyè ìyẹn kún àyè gíríìsì. Kó o sì fi búùṣì sínú fíríjì tó ń dì kí ilẹ̀ tó mọ́, ìta á fi bíi 0.03 dínkù, hámà kékeré á gbé e wọlé.

Tọ́nà_Ẹ̀gbá
Ìròyìn ìkẹyìn. Èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́, mo gba ọ̀rọ̀ bàbá lórí èkejì àti ẹ̀kẹta, 0.2 lọ́nà mẹ́ta, inú jáde 30.14 láti ẹnu dé ìdí, mi ò gbà á gbọ́ mo wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èmi ò ní fíríjì tó ń dì, mo gbé búùṣì méjèèjì lọ bá ìyá tó ń ta pure water lójú ọ̀nà wa, mo fi ọ̀rá wé wọn, mo ní kó bá mi fi sábẹ́ omi di àárọ̀. Ó wò ó, ó rí i tó ń dán bíi wúrà, ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ìyá, péèlódà ni. Ó ní òun ò gbà, kí n gbé nǹkan mi lọ, ó di ìgbà tí ọmọ ẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì dé kó tó gbà. Àárọ̀ yìí a fi wọ́n wọlé, hámà ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni, píìnì wọ inú ẹ̀ wẹ́rẹ́. Owó alẹ́ kan fún fíríjì, ẹgbẹ̀rún kan náírà ló gbà lọ́wọ́ mi.

Bàbá_Léètì
Fíríjì náà ti gba owó lọ́wọ́ ẹ nìyẹn 😂 Kó èérún yẹn jọ o, má dà á pọ̀ mọ́ ti irin, àwọn ọmọ kọ̀ndẹ́mù á rà á.